Ewé Ló Ń Ṣiṣẹ́ Ni, Àbí Omidùn? Àkọsílẹ̀ Àyẹ̀wò Àgbo Inú Kan ní Adó-Èkìtì

Àgbo tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí, inú rírun àti ìgbẹ́ gbuuru ni àwọn ará Adó-Èkìtì ń rà á fún. Màmá àgbàlagbà kan tó ń ta egbòogi lẹ́bàá Ọjà Ọba ló ń pò ó. Eèpo igi ìrà ọ̀dàn wà nínú rẹ̀, gbòǹgbò orin ata wà níbẹ̀, ewé efínrín náà wà níbẹ̀. Omidùn, ìyẹn omi orí ògì tó ti kan, ni wọ́n fi ń rẹ ẹ́. Akẹ́kọ̀ọ́bìnrin kan tó wà ní ọdún àṣekágbá nínú ẹ̀kọ́ nípa kòkòrò àrùn mú un fún pírójẹ́ẹ̀tì rẹ̀. Ìyá rẹ̀ àgbà ti jẹ́ oníbàárà Màmá láti ọjọ́ pípẹ́, ìdí nìyẹn tí Màmá fi ka gbogbo èròjà rẹ̀ fún un láìfi ọ̀kan pamọ́. Yàrá àyẹ̀wò tí mo ń mójú tó ni iṣẹ́ náà ti wáyé. Mò ń kọ ọ́ sílẹ̀ fún àwa tí a ń fi ewé àti eèpo igi dán kòkòrò wò, torí pé ibi tí iṣẹ́ yìí ti fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣìnà, ibẹ̀ náà ni mo ti rí i tí ọ̀pọ̀ iṣẹ́ ń ṣìnà, tí wọ́n á sì tẹ̀ ẹ́ jáde bẹ́ẹ̀ láìfura.

Ọ̀nà tí gbogbo ayé ń gbà ni ọmọ náà kọ́kọ́ gbà. Ó ra èròjà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ó sá wọn sóòrùn títí wọ́n fi gbẹ táútáú, ó lọ̀ wọ́n kúnná, ó rẹ ọ̀kọ̀ọ̀kan sínú ethanol, ìyẹn ọtí líle, fún ọjọ́ 3, ó sẹ́ ẹ, ó sì gbé oje rẹ̀ ka orí omi gbígbóná tó tó 80°C títí ethanol fi fẹ́ lọ tán. Èyí tó ṣẹ́kù ló fi DMSO, omi kẹ́míkà kan tó ń tú oje ewé, pò láti gbé e sórí àwo. Mueller-Hinton agar, oúnjẹ kòkòrò tó máa ń dì, ló dà sínú àwo, tó nípọn tó mílímítà 4. Ó fi omi iyọ̀ pò kòkòrò rẹ̀ títí ó fi dọ́gba pẹ̀lú òṣùwọ̀n McFarland 0.5, èyí tó jẹ́ nǹkan bíi mílíọ̀nù 150 kòkòrò nínú mílílítà kan. Ó fi irin lu ihò tí fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ mílímítà 6, ó kán oje síhò kọ̀ọ̀kan, ó sì gbé àwo sínú ínkúbétọ̀ ní 37°C di ọjọ́ kejì.

Kòkòrò mẹ́rin ló lò: Escherichia coli, Salmonella, Staphylococcus aureus àti Pseudomonas aeruginosa. Ó fi bébà kékeré tí jẹntamáísìn, oògùn òyìnbó kan tó ń pa bakitéríà, wà lórí rẹ̀ ní ìwọ̀n 10 µg (máíkírógíráàmù) sí ẹ̀gbẹ́ kan láti fi mọ̀ bóyá àwo ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé. Lórí E. coli tí gbogbo yàrá àyẹ̀wò fi ń dán ara wọn wò, èyí tí nọ́ńbà rẹ̀ ń jẹ́ ATCC 25922, àyè mímọ́ tí jẹntamáísìn máa ń fà, ìyẹn ibi tí kòkòrò kò hù sí yí i ká, gbọ́dọ̀ wà láàárín mílímítà 19 sí 26. Bí kò bá ti sí níbẹ̀, kí èèyàn da àwo náà nù, kí ó tún un ṣe. Tiwa wà níbẹ̀. Nítorí náà àwo kò ní àbùkù.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, oje eèpo ìrà ti lé Staphylococcus jìnnà sí ihò rẹ̀, àmọ́ kò fẹ́rẹ̀ẹ́ rí E. coli gbé ṣe. Orin ata ṣe díẹ̀. Efínrín kò ṣe nǹkan kan rárá. Kòkòrò hù dé etí ihò rẹ̀ gan-an. Ọmọ náà wá kán àgbo inú ìgò, bí ó ṣe rà á lọ́wọ́ Màmá, sí àwo mìíràn. Ibẹ̀ ni ariwo ti sọ. Àyè tó mọ́ gaara yí ihò ká lórí kòkòrò mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ó sì fẹ̀ ju ti jẹntamáísìn lọ lórí méjì nínú wọn. Àní Pseudomonas, olórí kunkun tí ọ̀pọ̀ oògùn òyìnbó kì í ràn, sá sẹ́yìn.

Ohun méjì ni wọ́n ti ń múra láti kọ: pé efínrín kò ní agbára lórí kòkòrò, àti pé nígbà tí ewé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá pàdé, wọ́n a máa ran ara wọn lọ́wọ́ débi tí wọ́n fi ju oògùn òyìnbó lọ. Ìkejì yìí dùn létí púpọ̀. Ẹni tó ń darí iṣẹ́ ọmọ náà ti ń sọ̀rọ̀ àpérò tí wọn yóò gbé e lọ.

Pseudomonas ló dá wa dúró. Ní 1884 ni Christian Gram, ọmọ ilẹ̀ Dẹ́nmáàkì, ṣe àwárí aró tó ń pín bakitéríà sí ọ̀nà méjì. Lónìí, a mọ̀ pé àwọn tí aró náà kì í dúró lára wọn, bíi E. coli, Salmonella àti Pseudomonas, ní awọ mìíràn lẹ́yìn ògiri ara wọn. Awọ yìí kì í jẹ́ kí ọ̀pọ̀ èròjà inú ewé wọlé. Ìdí nìyẹn tí oje ewé fi sábà máa ń rí Staphylococcus mú, tí kì í fi í rí àwọn yòókù. Bí èròjà mẹ́ta kò bá rí E. coli gbé ṣe lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ni wọn yóò ṣe papọ̀ tí Pseudomonas yóò fi sá? Ó ṣeé ṣe, mi ò ní sọ pé kò ṣeé ṣe. Ṣùgbọ́n kí a tó gbà bẹ́ẹ̀, ohun kan wà nínú ìgò Màmá tí kò sí nínú oje mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, a kò sì tíì bi í léèrè. Omidùn ni.

Gbogbo ihò tí wọ́n fi ethanol àti DMSO ṣe ní ihò àfiwé tiwọn, níbi tí wọ́n ti kán DMSO nìkan sí. Ti àgbo inú ìgò kò ní. Kò sí ẹni tó kán omidùn lásán síbì kankan.

A bẹ Màmá, ó bu omidùn fún wa láti inú ìkòkò kan náà tó fi ń pò àgbo. A fi asẹ́ 0.22 µm sẹ́ ẹ kí bakitéríà inú ògì fúnra rẹ̀ má bàa wọ àwo. A wá to ihò báyìí: àgbo bó ṣe wà, omidùn nìkan, omidùn tí a fi sodium hydroxide pa kíkan rẹ̀ títí ó fi dé pH 7 (pH ni òṣùwọ̀n kíkan: bó bá ṣe kéré tó ni nǹkan ṣe kan tó, 7 kò kan), àgbo tí a ṣe bẹ́ẹ̀ náà fún, ásíìdì lactic nínú omi lásán, tí kíkan rẹ̀ bá ti omidùn dọ́gba, àti omi lásán. Àwo àkọ́kọ́ bàjẹ́ torí pé iná lọ lóru, jẹnẹrétọ̀ kò sì tètè dáhùn, a da wọn nù. A tún un ṣe.

Àwo náà sọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀. Omidùn nìkan fa àyè tó fẹ́rẹ̀ẹ́ fẹ̀ tó ti àgbo. Ásíìdì lactic náà ṣe bákan náà. Omidùn tí a pa kíkan rẹ̀ kò ṣe nǹkan kan. Ní ti àgbo tí a pa kíkan rẹ̀, Pseudomonas hù bo etí ihò rẹ̀ pátápátá, Salmonella náà hù bò ó, E. coli sún sẹ́yìn fẹ́ẹ́rẹ́, Staphylococcus nìkan ni àyè rẹ̀ ṣì mọ́ dáadáa.

Bí ó ṣe ṣẹlẹ̀ kò ṣòro láti tú. Bakitéríà tó ń mú ògì kan máa ń sọ ṣúgà inú àgbàdo di ásíìdì lactic, omidùn tó bá sì kan dáadáa sábà máa ń wà láàárín pH 3.5 sí 4. Bó bá kan tó bẹ́ẹ̀, apá púpọ̀ nínú ásíìdì náà a lè gba ara kòkòrò wọlé lọ bà á jẹ́ láti inú. Bí a bá gbé e dé pH 7, ó máa ń pín sí méjì, kì í sì lè wọlé bẹ́ẹ̀ mọ́. Agar tí a dà sí pH 7.2 sí 7.4 kò lè dá ásíìdì dúró. Ó ń tàn kálẹ̀ láti inú ihò, ó sì ń sọ agbègbè ibẹ̀ di ibi tí kòkòrò kò lè gbé. Ohun tí a ń wọ̀n bí agbára ewé, kíkan ni.

Ọ̀rọ̀ pín sí méjì ní yàrá àyẹ̀wò lọ́jọ́ náà. Ẹnì kan ní ó hàn gbangba báyìí pé àgbo náà kò jẹ́ nǹkan kan. Mi ò fara mọ́ ọn nígbà yẹn, mi ò sì fara mọ́ ọn di òní. Òótọ́ ni pé kíkan omidùn kò lè jẹ́ ìdí tí àgbo fi ń wo inú, torí pé inú ikùn ẹni tí kò tíì jẹun, pH ibẹ̀ sábà máa ń wà láàárín 1.5 sí 3.5, ó kan ju omidùn lọ. Kí ni omidùn fẹ́ fi kún un? Àmọ́ ẹni tó bá ń pò àgbo láti ọdún pípẹ́ kì í déédéé yan omi tó fi ń pò ó. Ó yẹ kí a béèrè iṣẹ́ tó ń ṣe níbẹ̀ kí a tó dájọ́. Ìbéèrè yìí ló gbé ọmọ náà padà lọ sọ́dọ̀ Màmá, kì í ṣe láti ra èròjà, láti jókòó wo bí wọ́n ṣe ń pò ó.

Ó kúnlẹ̀, ó kí wọn, ó ṣàlàyé bí òun ṣe ṣe é. Kò tíì parí ọ̀rọ̀ tí Màmá fi dá a dúró.

“Ẹ sá efínrín kẹ̀? Ọmọ mi, ta ló ní kí ẹ sá a? Bí òórùn rẹ̀ bá ti lọ, kí ló tún kù níbẹ̀?”

Màmá bu ẹ̀kúnwọ́ efínrín tútù, wọ́n rún un láàárín àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì títí omi dúdú-dúdú fi ń kán láàárín ìka wọn, wọ́n fún un sínú ìgò, wọ́n sì dé e pa lójú ẹsẹ̀. Eèpo ìrà àti orin ata nìkan ló ti wà nínú omidùn látẹ̀yìnwá. Ìgbà tí oníbàárà bá dé ni efínrín ń wọ̀ ọ́. Wọ́n tún fi omi tí orin ata wà nínú rẹ̀ han ọmọ náà, wọ́n ní òun kì í fọwọ́ kàn án títí yóò fi pupa rúsúrúsú, àti pé òun ti fi omi lásán dán an wò rí, kì í pọ́n tó bẹ́ẹ̀.

Gbogbo ohun tí a ń wá ló wà nínú ọ̀rọ̀ yẹn. Òróró tó ń ta sánsán lára efínrín ni agbára rẹ̀ pọ̀ sí jù. Thymol sábà máa ń pọ̀ nínú òróró efínrín ilẹ̀ Nàìjíríà, òun kan náà ló wà nínú tháìmù tí à ń dà sí ìrẹsì, ó sì máa ń ba awọ ara kòkòrò jẹ́. Ṣùgbọ́n òróró yìí ń fẹ́ lọ. Oòrùn mú díẹ̀ lọ nínú rẹ̀, ethanol tó ń fẹ́ lọ lórí omi 80°C sì kó púpọ̀ nínú èyí tó ṣẹ́kù dání. Nígbà tí ọmọ náà kọ ọ́ sílẹ̀ pé efínrín kò ṣiṣẹ́, ó ṣeé ṣe kí òróró má fẹ́rẹ̀ẹ́ kù nínú ohun tó wà lórí àwo.

A tún efínrín ṣe pẹ̀lú ewé tútù. A fi oru omi gba òróró rẹ̀ sílẹ̀, dípò ethanol. Òróró kì í rìn dáadáa nínú agar torí pé omi ló pọ̀ níbẹ̀, nítorí náà ihò kò lè sọ òtítọ́ nípa rẹ̀. A gbé e lọ sínú omi ọbẹ̀ kòkòrò, ìyẹn omi oúnjẹ tí kòkòrò ń hù nínú rẹ̀, a fi Tween 80 díẹ̀ pò ó kí ó lè tú ká, a sì fi Tween 80 nìkan sí ìlà kan gẹ́gẹ́ bí àfiwé. Ó dá Staphylococcus dúró, ó dá E. coli náà dúró. Pseudomonas kò tiẹ̀ mọ̀ pé ẹnì kan dé.

Ní ti orin ata, àwọn èròjà tí wọ́n ń pè ní alkaloid wà nínú gbòǹgbò rẹ̀, fagaronine àti chelerythrine wà lára wọn, àwọ̀ wọn sì pọ́n rúsúrúsú. Omi kíkan máa ń yọ alkaloid jáde lára igi ju omi lásán lọ, torí pé ó ń sọ ọ́ di iyọ̀ tó lè yòrò. A rẹ orin ata kan náà sínú omidùn, sínú omi lásán, àti sínú omi tí a fi ásíìdì lactic mú kan. A pa kíkan gbogbo wọn kí ó tó dórí àwo. Ti omidùn àti ti ásíìdì lactic lé Staphylococcus jìnnà ju ti omi lásán lọ dáadáa. Iṣẹ́ tí omidùn ń ṣe nìyẹn: òun ló ń fa agbára orin ata jáde, òun ni kì í sì jẹ́ kí àgbo tètè bàjẹ́ nínú ìgò. Màmá ti mọ̀ bẹ́ẹ̀ kí a tó dé, ojú ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n.

Ọ̀rọ̀ igi ìrà kò pẹ́ rárá, àmọ́ kò ṣeé fò. Eèpo lásán ni wọ́n ń tà lọ́jà, kò ní ewé, kò ní òdòdó, kò sì sí onímọ̀ ewéko tó lè wo eèpo kan kó fọwọ́ sọ̀yà pé igi báyìí ni. Ọmọ náà tẹ̀ lé ẹni tó ń kó eèpo wá fún Màmá lọ sápá Ìkọ̀lé, níbi tí igbó ti ń di ọ̀dàn, ó gé ẹ̀ka tí ewé àti òdòdó wà lórí rẹ̀, ó tẹ̀ ẹ́ gbẹ sáàárín ìwé ìròyìn, ó sì fi ránṣẹ́ sí ibi tí wọ́n ń tọ́jú ewéko sí ní iléeṣẹ́ ìwádìí igbó ní Ìbàdàn. Wọ́n ní Bridelia ferruginea ni. Ìgbà náà ni a tó kọ orúkọ yẹn sínú ìwé.

Ó ku ìbéèrè pé báwo ni agbára náà ṣe pọ̀ tó. Níbí ni ọ̀rọ̀ “ó ju jẹntamáísìn lọ” ti gbọ́dọ̀ wálẹ̀. Jẹntamáísìn tó wà lórí bébà kékeré yẹn jẹ́ 10 µg. Bí èèyàn bá kán 0.1 mílílítà oje tó jẹ́ 100 mg nínú mílílítà kan síhò, mílígíráàmù 10 ló kán síbẹ̀, ìyẹn 10,000 µg. Ìlọ́po 1,000 ni. Bí ohun tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ bá fa àyè tó fẹ̀ díẹ̀ ju ti jẹntamáísìn lọ, kí ló jù? Fífẹ̀ àyè náà tún wà lọ́wọ́ bí nǹkan ṣe ń rìn nínú agar, kì í ṣe lọ́wọ́ agbára nìkan. Ìwọ̀n tó kéré jù tó lè dá kòkòrò dúró, tí a ń pè ní MIC, ló ṣeé gbé síwájú ẹlòmíràn. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ ló sì gbà pé oje ewé tí MIC rẹ̀ bá ti ju mílígíráàmù 1 nínú mílílítà lọ, kò yẹ kí a máa pariwo rẹ̀.

MIC eèpo ìrà fún wa ní wàhálà tirẹ̀. Oje rẹ̀ dúdú bíi tíì tó ti pọ̀ jù, ojú kò lè rí i bóyá kòkòrò ti mú omi ṣú. Resazurin ni ọ̀pọ̀ ń lò níbẹ̀, aró búlúù tó ń di píǹkì bí kòkòrò bá wà láàyè. Ọmọ náà fi ìlà kan sílẹ̀ láìfi kòkòrò sí i, oje àti aró nìkan. Ní òwúrọ̀, ìlà yẹn náà ti di píǹkì. Tannin inú eèpo fúnra rẹ̀ ló ń yí aró padà. Bí kò bá fi ìlà yẹn sílẹ̀ ni, à bá kọ ọ́ pé kòkòrò kò kú níbi tí kòkòrò kò tiẹ̀ sí. A pa aró tì, a bu láti inú ihò kọ̀ọ̀kan sórí agar tuntun, a wò ó bóyá nǹkan yóò hù. Ìrà dá Staphylococcus dúró ní ìwọ̀n tó wà lábẹ́ mílígíráàmù 1. Lórí àwọn tó ní awọ ẹ̀yìn, ó ju bẹ́ẹ̀ lọ fíìfíì.

A padà lọ jábọ̀ fún Màmá, torí pé ìmọ̀ wọn la fi ṣe é. A sọ pé efínrín wọn ṣiṣẹ́, pé orin ata wọn ṣiṣẹ́, pé omidùn ni kọ́kọ́rọ́ orin ata. A tún sọ èyí tó le: pé àwo wa kò fi hàn pé àgbo náà lè wo Salmonella, nítorí náà ẹni tí ibà bá mú pẹ̀lú inú rírun, kí wọ́n darí rẹ̀ sí ọsibítù. Ní ti ọmọ kékeré, mo bẹ̀ wọ́n gidigidi kí wọ́n má tà á fún un. Rotavirus ló wà nídìí púpọ̀ nínú ìgbẹ́ gbuuru tó ń le lára ọmọ ọwọ́, kì í ṣe bakitéríà, kò sì sí ewé tó pa Staphylococcus lórí àwo tó kàn án. Omi tó ń tán lára ni í pa ọmọ. Omi ORS, ìyẹn omi iyọ̀ òun ṣúgà, àti zinc ni kí wọ́n wá kíá, àti àjẹsára. Ìkán rotavirus tí wọ́n ń kán sẹ́nu ọmọ ti wà lára èyí tí ìjọba ń fún àwọn ọmọ lọ́fẹ̀ẹ́ ní Nàìjíríà láti 2022. Màmá gbọ́ ọ títí, wọ́n ní kí a kọ orúkọ ORS náà sí bébà fún àwọn, kí àwọn lè máa fi han àwọn ìyá ọmọ.

Ẹni tó bá fẹ́ dán irú àgbo bẹ́ẹ̀ wò, kó kọ́kọ́ dán an wò bí ẹni tó ń pò ó ṣe ń pò ó, kó tó fi ethanol kàn án. Ohunkóhun tí wọ́n bá fi rẹ ẹ́, ìbáà jẹ́ omidùn, ìbáà jẹ́ ọtí ògógóró, ìbáà jẹ́ omi ọsàn wẹ́wẹ́, gbọ́dọ̀ ní ihò tirẹ̀ lórí àwo, kí wọ́n sì wọn pH rẹ̀ kó tó débẹ̀. Ògógóró náà ń pa kòkòrò fúnra rẹ̀. Bí ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ bá gbé àgbo ológógóró wá bá mi, ìbéèrè àkọ́kọ́ tí mo ń bi í nìyẹn. Ewé tó bá ń ta sánsán, kí wọ́n má sá a sóòrùn. Mo fẹ́ kí àwọn tó ń yẹ iṣẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ wò máa béèrè àwọn nǹkan wọ̀nyí kí wọ́n tó béèrè iye ojú ìwé.

Ìwé tí ọmọ náà fi sílẹ̀ yàtọ̀ sí èyí tí wọ́n fẹ́ kọ tẹ́lẹ̀. Kò sí “ó ju oògùn òyìnbó lọ” nínú rẹ̀. Ohun tó wà níbẹ̀ ni pH omidùn, iye ọjọ́ tó ti kan, àkókò tí wọ́n já efínrín, àti nọ́ńbà tí wọ́n fún ẹ̀ka ìrà ní Ìbàdàn. A kò tíì fi àgbo náà fún eku láti wo ohun tó ń ṣe fún ẹ̀dọ̀ àti kíndìnrín. Iṣẹ́ tó kàn nìyẹn, ọjọ́ 28 ni yóò gbà lẹ́yìn tí a bá ti gba àṣẹ, omidùn inú ìkòkò Màmá kan náà ni a ó sì lò.